Ogójì Ẹ̀dà Tí Kò Ṣeé Tẹ̀ Mọ́

Oníbàárà fẹ́ ẹ̀dà 40 sí i. Pátákó tí wọ́n fín láti fi tẹ àwòrán 25 àkọ́kọ́ ti lọ, kò sì sí ọgbọ́n tí ẹnikẹ́ni lè dá sí i. Ohun tó di awuyewuye láàárín oníbàárà yìí àti àbúrò mi obìnrin nìyẹn, ẹni tó ń ṣe àwòrán títẹ̀ níbí ní Ìlọrin. Èmi tí mo ní ilé ìtẹ̀wé lójú ọ̀nà Taiwo sì di alárinà wọn láìròtẹ́lẹ̀. Mò ń kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́wọ́, àti nítorí àwọn tó ń gbé iṣẹ́ fún wọn, nítorí mo rí i pé ìhà méjèèjì ló ṣì ń bọ̀ wá kọlu ògiri kan náà.

Ọmọ Ẹ̀sìẹ́, ìlú kan níbí ní Kwara, ni bàbá oníbàárà náà, Àbújá ló ń gbé. Ó fẹ́ ṣe ìrántí ìyá rẹ̀, ó sì sọ pé òun kò ní pín ike, táwẹ́ẹ̀lì àti bọ́kẹ́ẹ̀tì tí orúkọ òkú wà lára rẹ̀, èyí tí gbogbo wa ti kó jọ sí kọ̀rọ̀ ilé. Ó ní ohun tí àlejò pàtàkì yóò gbé kọ́ ara ògiri ni òun ń wá: àwòrán ère Ẹ̀sìẹ́, tí wọ́n fi ọwọ́ tẹ̀, ẹ̀dà 25. Ó san ìdajì owó. Kò sí ìwé àdéhùn. Orí fóònù ni wọ́n ti parí gbogbo rẹ̀.

Ẹni tí kò bá tíì dé Ẹ̀sìẹ́ rí, kó gba ọ̀nà Ajàṣẹ́-Ìpo jáde ní Ìlọrin, kó forí lé Orò. Tó bá ti dé ibẹ̀, Ẹ̀sìẹ́ kò jìnnà mọ́. Àwọn ère tó wà níbẹ̀ lé ní 1,000. Òkúta ọṣẹ ni wọ́n fi gbẹ́ wọn, òkúta tó rọ̀ tí irin ń wọ̀. Ọkùnrin wà nínú wọn, obìnrin wà. Púpọ̀ jókòó sórí àpótí, irun orí wọn lọ́nà lóríṣiríṣi, àwọn kan kọlà, àwọn kan mú ohun ìjà dání. Ní 1933 ni H. G. Ramshaw, tó ń bẹ àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọ CMS wò, kọ ìròyìn wọn síta. Ní 1945 wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé síbẹ̀, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Àwọn ará ìlú kò dúró de Ramshaw kí wọ́n tó mọ ohun tó wà nínú igbó wọn, wọ́n ti ń ṣọdún rẹ̀ tipẹ́. Àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lórí ẹni tó gbẹ́ wọn. Ìtàn ẹnu ní tirẹ̀ kì í ṣiyèméjì: èèyàn ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Àlejò ni wọ́n, wọ́n wá láti ọ̀nà jíjìn, ọ̀rọ̀ wọn àti ti onílé kò wọ̀, wọ́n sì di òkúta níbi tí wọ́n jókòó sí.

Àbúrò mi lọ síbẹ̀, ó tọrọ àyè, ó jókòó ti àwọn ère náà pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsùlù. Ìṣòro àkọ́kọ́ kò pẹ́ kó tó yọjú. Ọ̀pọ̀ àwọn ère náà ni orí wọn ti já tàbí tí apá wọn ti kán. Bàbá sì ti kìlọ̀ fún un lórí fóònù pé, "Mi ò fẹ́ èyí tó ti kán o, bá mi tún wọn ṣe." Tó bá tún wọn ṣe, ohun tó yà kì í ṣe ohun tó wà ní Ẹ̀sìẹ́ mọ́. Tó bá sì yà wọ́n bí wọ́n ṣe wà, ta ni yóò gba ara tí kò lórí níbi ìrántí ìyá olóyè, tí yóò gbé e lọ kọ́ sí pálọ̀? Ó rò ó títí. Ó wá fi ère sílẹ̀, ó mú ìtàn: kì í ṣe òkúta tó ti kán ni yóò yà, kì í sì í ṣe èèyàn tó pé, bí kò ṣe ìgbà tí àwọn èèyàn náà ń di òkúta lọ́wọ́.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti dùn mọ́ mi nìyẹn, nítorí pé ọ̀nà tó yàn láti tẹ̀ ẹ́ bá ìtàn náà mu ju bí ẹnu ṣe lè sọ ọ́ lọ. Àmọ́ ọ̀nà yẹn náà ló bí wàhálà.

Líno ni wọ́n ń fín. Epo linseed àti èèpo igi kọ́ọ̀kì lílọ̀ ni wọ́n pò pọ̀ sórí aṣọ àpò láti ṣe é. Frederick Walton, ará Gẹ̀ẹ́sì, ló gbé e jáde ní àwọn ọdún 1860 fún títẹ́ sílẹ̀ yàrá, kí àwọn ayàwòrán tó sọ ọ́ di tiwọn. Tó bá le, ẹ sá a sí oòrùn díẹ̀, yóò rọ̀. Oòrùn Ìlọrin kì í sì í ṣe ahun. Ibi tí ọ̀bẹ bá fín kúrò kò ní gba yíńkì, funfun ìwé ni yóò hàn níbẹ̀. Ibi tó bá kù lókè ni rólà yóò kùn.

Tí àwòrán bá ní àwọ̀ mẹ́rin, èèyàn lè fín pátákó mẹ́rin, kí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ó sì lè lo ẹyọ kan ṣoṣo. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan, yóò tẹ àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù sórí gbogbo ìwé tó fẹ́ lò, yóò padà fín lára pátákó kan náà, yóò tẹ àwọ̀ kejì lé ti àkọ́kọ́ lórí, yóò tún fín, yóò tún tẹ̀. Bí àwòrán ṣe ń kún lórí ìwé ni pátákó ń ṣófo. Nígbà tí yóò fi kan dúdú, ìlà wẹ́wẹ́ àti òjìji díẹ̀ ló kù lórí líno, ìyókù ti di pàǹtí tí wọ́n gbá dànù. Picasso fi ọ̀nà yìí ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ nílùú Vallauris ní ilẹ̀ Faransé láti nǹkan bí 1959. Iye ìwé tí ẹ bá fi bẹ̀rẹ̀ ni òpin iye tí ẹ lè ní, àyàfi kó dín.

Ó sì máa ń dín. Ìwé 34 ni àbúrò mi fi bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọ̀ kan lè yẹ̀ lórí èkejì ní ìbú irun orí, kí ìwé náà bàjẹ́. Ọ̀dọ̀ mi ló ti gba yíńkì, irú èyí tí a ń lò nínú Kord àti GTO, àwọn mẹ́síìnì ìtẹ̀wé wa. Ìgbà òjò ni, yíńkì kò tètè gbẹ, ó so ìwé kọ́ okùn pẹ̀lú pẹ́ẹ̀gì aṣọ láti ojú fèrèsé kan dé èkejì, a sì ń bẹ̀rẹ̀ wọlé. Yẹ́lò ló kọ́kọ́ tẹ̀. Lẹ́yìn náà ó po àwọ̀ osùn, ó tẹ̀ ẹ́, àwọn àlejò inú ìtàn sì jáde: ara pupa, aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn. Ní gbogbo ìgbà yẹn èèyàn ṣì ni wọ́n.

Mo wà níbẹ̀ nígbà tó fẹ́ tẹ àwọ̀ eérú lé wọn. Kò ní mẹ́síìnì. Ìdí ṣíbí onígi ló fi ń ra ẹ̀yìn ìwé, láti àárín lọ sí etí. Ó gbé igun ìwé kan sókè díẹ̀, ó yọjú wò ó, ó dá a padà sílẹ̀ láìjẹ́ kó yẹ̀, ó tún ra á níbi èjìká ẹni kẹta, lẹ́yìn náà ló wá ṣí gbogbo rẹ̀. Láti ẹsẹ̀ dé àyà, wọ́n ti di òkúta. Orí àti ọwọ́ wọn ṣì pupa. Ẹnì kan wà nínú wọn tí eérú ti dé àgbọ̀n rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ṣì là. Mo bi í pé ṣé kò ní tún un fín kí ojú wọn yọ dáadáa. Ó ní, "Bọ̀dá, ohun tí mo ti gé ti lọ. Àwọn náà ò lè dìde mọ́."

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa orin, nítorí pé òun ló to àwòrán náà. Àbúrò mi kì í fín nǹkan láìsí dadakùádà, orin ìbílẹ̀ Ìlọrin, létí rẹ̀, ti Odòlayé Àrẹ̀mú lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tó bá mọ orin yẹn mọ̀ pé ẹni tó ń dá a lè rìn jìnnà: á ki baba ẹni, á fi èèyàn ṣẹ̀fẹ̀, á ṣàdúrà, á bú ẹni tó yẹ ní bíbú. Àwọn elégbè kò ní tẹ̀ lé e lọ sí gbogbo ibẹ̀. Ojú kan ni wọ́n wà, wọ́n ń dá a padà sílé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ààlọ́ tí ìyá ìyá wa, ọmọ Orò, máa ń pa fún wa: tó bá ti ní "Ààlọ́ o," tí a dá a lóhùn pé "Ààlọ̀," a ti mọ̀ pé orin kan yóò padà wá lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, pé ìtàn yóò sì yí díẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó jókòó nínú àwòrán náà fi jọra wọn: ìjókòó kan náà, ọwọ́ kan náà lórí orúnkún, bí elégbè. Ẹnì kan ṣoṣo, ìkẹrin láti ọwọ́ ọ̀tún, ló gbé ọwọ́ sókè. Òun ló ń dá orin. Ó kọ́kọ́ fẹ́ fín ọ̀rọ̀ yí etí àwòrán ká, àmọ́ nínú iṣẹ́ títẹ̀, òdì ni èèyàn ń kọ̀wé kó tó tọ́ lórí ìwé, àmì ohùn àti àmì abẹ́ sì kéré ju kí ọ̀bẹ yẹn gbà wọ́n. Ó jáwọ́ níbẹ̀. Inú mi dùn pé ó jáwọ́.

Àwọn tó ṣáájú ti la ọ̀nà yìí fún wa. Nígbà tí Wole Soyinka túmọ̀ ìwé àkọ́kọ́ Fágúnwà, èyí tó jáde ní 1938, sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, Bruce Onobrakpeya ló ṣe àwòrán inú rẹ̀. Ní Òṣogbo, ní àwọn ọdún 1960, àwọn òṣèré ẹgbẹ́ Dúró Ládípọ̀ bíi Jacob Afọlábí àti Rufus Ògúndélé wà lára àwọn tó mú ọ̀bẹ, tí wọ́n ń gé líno. Ayàwòrán Twins Seven Seven ní tirẹ̀, ọmọ Ògìdì ní Ìjùmú, tó wà lábẹ́ Kwara wa níbí kí wọ́n tó dá Kogi sílẹ̀ ní 1991, máa ń fi iwin àti igbó kún ìwé nígbà ayé rẹ̀ títí kò fi ní sí àyè kankan. Ìyẹn lè ṣe é. Àbùkù tí mò ń rí lára ọ̀pọ̀ àwòrán ìtàn tí wọ́n ń gbé wá tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi lónìí ni pé wọ́n fẹ́ kúnjú ìwé bíi tirẹ̀, wọn kò sì ní ojú rẹ̀: ìjàpá, gángan, ìrókò, òṣùpá, arúgbó kan tó ń mu páìpù, gbogbo wọn nínú ìwé kan, kò sì sí ìtàn kan tí ẹ lè tọ́ka sí. Ohun tí àbúrò mi ṣe ni pé ó mú ìṣẹ́jú kan péré nínú ìtàn, ó sì dúró tì í.

Ẹ̀dà 27 ló yè nínú 34. Ó fi pẹ́ńsùlù kọ nọ́ńbà sí ìsàlẹ̀ 25, láti 1/25 dé 25/25, ó fọwọ́ sí i, ó fi méjì sílẹ̀ fún ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà oníṣẹ́. Bàbá wá gbé e, ó dákẹ́ lórí rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ní ẹnu là-sílẹ̀ yẹn dáa gan-an. Ó san owó tó kù.

Lẹ́yìn ìrántí náà ni fóònù dún, bàbá ló ń pè. Àwọn tí kò rí gbà ń bínú. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ kan kò rí gbà. Bàbá fẹ́ 40 sí i, kíákíá, ó sì rò pé iye owó yóò wálẹ̀ nítorí pé "ẹ ti ní àpẹẹrẹ rẹ̀ nílẹ̀." Àbúrò mi ní kò ṣeé ṣe. Bàbá béèrè pé èló ni yóò mú kó ṣeé ṣe. Àbúrò mi ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Ẹ mọ bí gbólóhùn yẹn ṣe máa ń dún létí oníṣòwò. Bàbá gbà pé ó ń fi ọwọ́ yẹn gbówó lé iṣẹ́ ni, àbúrò mi náà gbà pé wọ́n pe òun ní oníjìbìtì. Ọ̀rọ̀ di rannto.

Bàbá wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. "Ọ̀gá onítẹ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀." Ó na ẹ̀dà 25/25 sí mi. "Tàbí kí ẹ kúkú fi mẹ́síìnì yín dà á kọ. Ẹ ò ní ṣe é jẹ wákàtí kan."

Òótọ́ ni. Kí n yà á sínú kọ̀ǹpútà, kí n ṣe pléètì, 40 kò jẹ́ nǹkankan, 4,000 gan-an kò jẹ́ nǹkankan. Owó gidi sì ni. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Mo ní kó jókòó, mo ránṣẹ́ pe àbúrò mi pé kó gbé pátákó náà wá.

Mo ti rí i pé kò sí ẹni tó ṣàlàyé fún ọkùnrin yìí rí. Ohun tó mọ̀ nípa títẹ̀ ni tiwa: pléètì wà nínú dúrọ́ọ̀, ẹni tó bá fẹ́ sí i, à á gbé e gun mẹ́síìnì. Nígbà tí àbúrò mi tẹ́ líno sórí tábìlì, tí bàbá fi ìka tọ́ ọ, tó rí i pé kò sí ojú níbẹ̀, kò sí aṣọ, kò sí ìlẹ̀kẹ̀, pé òjìji ẹsẹ̀ àti ilà ojú nìkan ló kù, ó yí i sọ́tùn-ún yí i sósì. Ó ní, "Ta wá ló jẹ èyí tó kù?" Àbúrò mi dá a lóhùn pé, "Ara àwọn ìwé tí ẹ ti pín ló wà, bàbá."

Ọ̀rọ̀ rọ̀ díẹ̀, àmọ́ kò tíì tán, nítorí ìbéèrè mìíràn wà níbẹ̀ tí kò rọrùn. Bàbá ní òun ló san owó iṣẹ́, òun ló sì ni gbogbo ẹ̀dà 25, ta ni yóò wá bínú tí òun bá ní kí wọ́n dà á kọ? Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ti Nàìjíríà, ti 2022, dáhùn rẹ̀: ẹni tó ṣe iṣẹ́ ọnà ló ni ẹ̀tọ́ àdàkọ rẹ̀, kódà bí ẹlòmíràn bá san owó kí ó ṣe é, àyàfi tí wọ́n bá kọ nǹkan mìíràn sínú ìwé àdéhùn. Ìwé tó rà jẹ́ tirẹ̀; àṣẹ àtidà á kọ kò bá a lọ. Mo sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin nìkan kò lè parí irú ọ̀rọ̀ yìí láàárín Yorùbá, àti pé, ká sọ ojú abẹ níkòó, kò sí ohun tó burú nínú ohun tí ọkùnrin náà ń fẹ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ń bínú sí i.

Àbúrò mi ló rí ojútùú náà, ọ̀nà méjì ló sì fi sọ ọ́. Àkọ́kọ́, ó gbà kí n da àwòrán náà kọ gẹ́gẹ́ bíi káàdì tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, láìsí nọ́ńbà, láìsí ìfọwọ́sí, kí orúkọ rẹ̀ àti "àdàkọ" hàn lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà tà á fún ẹlòmíràn bí ojúlówó. Ìyẹn wà fún gbogbo àlejò. Èkejì, yóò fín pátákó tuntun fún àwọn mọ̀lẹ́bí: ère tí wọ́n ń pè ní Ọba Ère nìkan, dúdú lórí funfun. Pátákó aláwọ̀ kan kì í bàjẹ́ tí ẹ bá tọ́jú rẹ̀, ẹ lè tẹ 40 lónìí kí ẹ tẹ 40 ní ọdún tó ń bọ̀. Bàbá gbà. Ó jà lórí owó káàdì pẹ̀lú mi, kò jà lórí ti líno pẹ̀lú àbúrò mi, èyí tí mo kà sí ìtúúbá láìsọ ọ́ lẹ́nu.

Ó fín Ọba Ère náà. Ó dára, mi ò ní purọ́, àmọ́ kò tó èyí àkọ́kọ́. Dúdú àti funfun kò ní ibi tí èèyàn ti ń di òkúta. Òkúta ti wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Àwọn mọ̀lẹ́bí fẹ́ràn rẹ̀ jù, wọ́n ní èyí ni àwọn mọ̀.

Ìwé kan ti wà báyìí tí àbúrò mi ń fún oníbàárà kó tó mú ọ̀bẹ. Ojú ìwé kan ni, Yorùbá ni ó kọ ọ́. Ó sọ iye ẹ̀dà, ó sọ bóyá pátákó yóò kù lẹ́yìn iṣẹ́ tàbí kò ní kù, ó sọ ẹni tó ni ẹ̀tọ́ àdàkọ, ó sì ní àyè tí oníbàárà yóò ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òun mọ̀ pé kò sí àfikún. Mo dábàá pé kó fi àpẹẹrẹ líno tó ti fín tán hàn wọ́n pẹ̀lú. Ó ní pátákó Ẹ̀sìẹ́ yẹn gan-an ni òun ń fi hàn wọ́n.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan láti Ọ̀fà wá fún àwòrán ìjàkadì, ó ní ẹ̀dà 60. Àbúrò mi bi í pé kí ló fẹ́ fi wọ́n ṣe, àti pé ta ni yóò tún béèrè lẹ́yìn tí wọ́n bá tán. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní gbogbo Ọ̀fà ni. Pátákó mẹ́ta ló fẹ́ fín fún un, àwọ̀ kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Líno náà kò sì tíì dé láti Èkó.